Apàrora Líle: Ọ̀rọ̀ Tó Wà Láàárín Dókítà àti Aláìsàn

Ìrora tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta lára ènìyàn, ìbáà máa lọ kó máa bọ̀, ìbáà jókòó síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ni àwọn oníṣègùn ń pè ní ìrora onígbà pípẹ́. Ẹ̀yìn ríro wà nínú rẹ̀, orúnkún tó ti gbó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ tó ń jó onítọ̀gbẹ bí iná àti egungun tó ń ro aláìsàn arómọléegun. Lára ohun tí wọ́n fi ń kojú rẹ̀ ni ìdílé oògùn kan tó ń jẹ́ ópíọ́ìdì, tí a ó máa pè ní apàrora líle níhìn-ín: codeine, tramadol, morphine, oxycodone, fentanyl àti àwọn ìbátan wọn. Ọ̀rọ̀ tí dókítà àti aláìsàn ń bá ara wọn sọ nígbà tí lílo irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá ti di ti oṣù àti ti ọdún ni àyọkà yìí dá lé. Ìjíròrò tí ẹ̀rù ti ń ba ẹni méjèèjì tó jókòó bí èyí kò pọ̀ nínú iṣẹ́ ìṣègùn. Dókítà ń bẹ̀rù kí aláìsàn má kú sí òun lọ́wọ́, ó tún ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ òun. Aláìsàn ń bẹ̀rù ìrora, ó tún ń bẹ̀rù kí wọ́n má máa wo òun bí ẹni tó ń jẹ oògùn olóró.

Oògùn náà

Òdòdó kan tó ń jẹ́ poppy ni ìpilẹ̀ ìdílé yìí. Bí wọ́n bá fi abẹ kọ èso rẹ̀ lára, oje funfun á sun jáde. Oje yẹn ló ń gbẹ di ọ́píọ́mù. Apòògùn ará Jámánì kan, Friedrich Sertürner, ló yọ morphine jáde láti inú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1804, ó sì fi orúkọ Morpheus, òrìṣà àlá àwọn Gíríìkì, sọ ọ́. Àwọn mìíràn nínú ìdílé náà kò ti ara òdòdó wá: inú yàrá àyẹ̀wò ni ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ti ṣe tramadol ní 1962.

Inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bí ìròyìn ìrora bá ń gòkè bọ̀ láti ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí, wọ́n á dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n irú ibùdó tí oògùn yìí ń bà lé wà níbi tó ń darí mímí, ó sì wà nínú ìfun pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó lò ó ní àlòjù fi lè dẹ́kun mímí lójú oorun, tí ẹni tó ń lò ó bó ṣe yẹ náà kì í fi í rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Òòyì àti oorun kíkùn sábà máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti ìgbẹ́ líle kì í lọ. Dókítà ò ní bèèrè, ojú á ti ìyá àgbà láti sọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ìgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tìtorí ẹ̀ pa oògùn tì láìjẹ́wọ́ ìdí rẹ̀ fẹ́nikẹ́ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà ní Amẹ́ríkà

Amẹ́ríkà ni ìjíròrò yìí ti gbóná jù, ibẹ̀ náà ló sì ti dojú rú lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà òfin Harrison ti ọdún 1914 tó fi okùn sí ọ́píọ́mù lọ́rùn, àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń ṣọ́ra gidigidi. Kódà ẹni tí jẹjẹrẹ ń pa lọ máa ń jẹ̀rora kí wọ́n tó fún un ní morphine. Ní January 1980, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine tẹ lẹ́tà kan tí kò ju gbólóhùn márùn-ún lọ jáde. Jane Porter àti Hershel Jick ló kọ ọ́. Wọ́n ní nínú aláìsàn 11,882 tó gba apàrora líle ní ọsibítù, ẹni mẹ́rin péré ni àwọn rí tí oògùn náà di bárakú fún lára àwọn tí kò nírú ìṣòro bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni gbogbo wọn wà. Lẹ́tà náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń gbé ìgò oògùn lọ sílé lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí kan ka iye ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé ìṣègùn ti tọ́ka sí i, tí ìwé ìròyìn kan náà sì gbé àbájáde wọn jáde ní 2017, ìgbà 608 ni wọ́n kà, ó sì ju ìdá méje nínú mẹ́wàá wọn tó lò ó bí ẹ̀rí pé oògùn náà kì í sábà di bárakú.

Ní 1986, Russell Portenoy àti Kathleen Foley ròyìn aláìsàn 38 tí wọn kò ní jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń lo apàrora líle fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe láìséwu púpọ̀. Ní 1989, àwọn méjì mìíràn kọ nípa ọ̀dọ́ ọlọ́dún 17 kan tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ náà ń ké, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ka wákàtí. Àwọn òṣìṣẹ́ sì rò pé oògùn ti mú un. Àwọn òǹkọ̀wé náà ní bárakú ojú ayé lásán nìyẹn, pé ìrora tí wọn kò tọ́jú tó ló ń mú un hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Lórí ọmọ yẹn, ó jọ pé òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn tó ń ta oògùn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, ó di pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀: ẹ fi kún un. Ẹ wo bí ẹ̀rí tó dá lórí ènìyàn kan ṣe di àṣẹ fún orílẹ̀-èdè.

Ní 1995, James Campbell, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrora ní Amẹ́ríkà, rọ àwọn dókítà pé kí wọ́n máa wọn ìrora bí wọ́n ṣe ń wọn ìgbóná ara àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni OxyContin ti ilé iṣẹ́ Purdue Pharma dé ọjà, oxycodone tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ náà ń lọ láti ọ́fíìsì dókítà kan sí òmíràn, wọ́n ń sọ pé ewu bárakú kò tó nǹkan. Ní 2007, ilé iṣẹ́ kan tó tan mọ́ Purdue àti mẹ́ta lára àwọn ọ̀gá rẹ̀ jẹ́bi ní kóòtù pé wọ́n fi irọ́ polówó oògùn náà, wọ́n sì san owó tó ju 600 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Títẹ̀ síwájú ni ìwé oògùn ń tẹ̀ síwájú síbẹ̀: ní 2012, tó jẹ́ ọdún tó ga jù, nǹkan bíi 255 mílíọ̀nù ìwé apàrora líle ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yí gbirigbiri padà sẹ́yìn. Ní March 2016, CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdènà àrùn, gbé ìlànà oníkókó 12 jáde. Ó ní kí dókítà tún inú rò bí ìwọ̀n bá dé 50 mílígíráàmù morphine lójúmọ́, kó sì yẹra fún 90 tàbí kó ní ìdí tó dúró ṣinṣin fún un. Ìmọ̀ràn ni àjọ náà pè é. Àwọn ìpínlẹ̀, ilé iṣẹ́ adójútòfò àti àwọn ilé ìtajà oògùn sọ ọ́ di odi. Ẹni tó ti ń lo oògùn láti ọdún mẹ́jọ, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò dá wàhálà kankan sílẹ̀, á dé ọ́fíìsì, á gbọ́ pé òfin ti yí padà, pé oṣù tó ń bọ̀ ni òpin. Àwọn mìíràn pàdánù dókítà pátápátá, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò gba ẹni tó bá ti ń lo apàrora líle mọ́. Ní April 2019, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn, kìlọ̀ pé dídá oògùn náà dúró lójijì ti mú kí àwọn kan jìyà ìrora líle, ó sì ti mú kí àwọn kan pa ara wọn. Nígbà tí CDC tún ìlànà rẹ̀ kọ ní November 2022, ó yọ àwọn nọ́ńbà líle wọ̀nyẹn kúrò nínú kókó ìmọ̀ràn rẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé dókítà àti aláìsàn ló yẹ kó jọ pinnu.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ dojú rú, tí ìwé oògùn ń pọ̀ sí i, dókítà gba ọ̀rọ̀ aláìsàn gbọ́ láìbi í léèrè. Nígbà kejì, lẹ́yìn ìlànà 2016, bó ti wù kí aláìsàn sọ ọ́ tó, nọ́ńbà ló ń fèsì. Kò sí ìjíròrò nínú méjèèjì.

Bárakú, àti ara tó ti mọ́ oògùn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ba ìjíròrò yìí jẹ́ jù lọ láàárín àwọn tó ń sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ni bárakú. Ohun tó ń bá ara kú ni wọ́n máa ń tú u sí: ọtí, tábà, tẹ́tẹ́, àṣà burúkú tí onítọ̀hún ò lè fi sílẹ̀. Ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀, ìwà ni wọ́n ń bá ènìyàn wí bí wọ́n bá lò ó. Nínú iṣẹ́ ìṣègùn, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń farapamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Èkíní ni pé ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ bó bá yá. Ara ti mú un mọ́ra, àfi kí wọ́n fi kún un kó tó ran ìrora náà. Èkejì ni pé bí oògùn bá dáwọ́ dúró, ara á máa wá a: ènìyàn á máa yán, ikun á máa dà nímú, ara á bú wọ̀ọ̀, ìgbẹ́ gbuuru á dé, oorun á fò lójú, ìrora á sì padà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nǹkan méjì yìí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá lo oògùn náà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tàbí ìmáàmù. Ìwà ènìyàn ò sí níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àrùn gan-an: kí ènìyàn máa lo oògùn fún ohun mìíràn yàtọ̀ sí ìrora, kó má lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kó máa bá a lọ bó tilẹ̀ ń ba iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ jẹ́. Ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013 ya ọ̀nà wọn: ó ní a kò gbọdọ̀ ka méjì àkọ́kọ́ mọ́ aláìsàn lẹ́sẹ̀ bó bá jẹ́ pé lábẹ́ àbójútó dókítà ló ń lo oògùn náà.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ká ní ìyá kan jókòó níwájú dókítà ní Peckham ní London, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń túmọ̀. Dókítà ní ara ìyá ti gbára lé oògùn yìí, pé kí àwọn jọ máa dín in kù. Ọmọ wá yíjú sí ìyá: “Wọ́n ní oògùn yẹn ti di bárakú fún yín o, Màmá.” Ìjíròrò ti parí nìyẹn. Ohun tí ìyá gbọ́ ni pé òyìnbó pe òun ní ọ̀mùtí, lójú ọmọ òun. Láti ọjọ́ náà lọ, á máa lo oògùn níkọ̀kọ̀, á máa dín iye rẹ̀ kù lẹ́nu. Bó bá jẹ́ “Ara yín ti mọ́ oògùn yìí, Màmá, ẹ má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà” ni ọmọ sọ, kò ní sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀, ìkìlọ̀ tó wúlò á sì wà.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀kẹta ló wà nílẹ̀ lóòótọ́, dókítà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Oògùn wà fún un, buprenorphine àti methadone, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà. Lílé aláìsàn lọ nítorí pé àrùn náà yọjú ni ohun tó burú jù tí dókítà lè ṣe, torí ìgboro ni ẹni yẹn ń lọ.

Mélòó nínú mẹ́wàá?

Ìbéèrè tí gbogbo ọsibítù òyìnbó ń bèèrè ni pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín? Nọ́ńbà yìí rọrùn láti kọ sínú fáìlì. Ó kàn jẹ́ pé Yorùbá kì í ka ìrora, ṣe ni wọ́n ń sọ ohun tó ń ṣe. Inú ni í run, orí ni í fọ́, egungun ni í ro, egbò ni í ta, iṣan ni í fà, àyà ni í gúnni. Dókítà tó bá fetí sílẹ̀ á rí ohun tí nọ́ńbà ò lè fún un, nítorí ìrora tó ń jó, tó ń ta bí abẹ́rẹ́, sábà máa ń wá láti ara iṣan ìmọ̀lára tó ti bàjẹ́, oògùn mìíràn bí amitriptyline tàbí gabapentin ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbìyànjú fún ìyẹn ṣáájú apàrora líle. Ronald Melzack ti Yunifásítì McGill ní Montreal mọ èyí. Ní 1975 ó ṣe ìwé ìbéèrè kan tó kún fún ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ń júwe ìrora, kí wọ́n máa mú èyí tó bá tiwọn mu.

Ìṣòro mìíràn wà tó jẹ́ ti ọmọlúàbí. Bí dókítà bá bèèrè àlàáfíà, èsì tí ilé kọ́ wa ni “A dúpẹ́, ara ti ń yá.” Ẹni tí kò sùn mọ́jú náà á dáhùn bẹ́ẹ̀, pàápàá bí dókítà bá jẹ́ ọmọ ẹni tó kàwé gidi. Nínú fáìlì, wọ́n á kọ ọ́ pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè fi ń ṣí kúrò lórí bí ìrora ti pọ̀ tó, tó ń bọ́ sórí ohun tí ara lè ṣe. Ìwé ìbéèrè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PEG, tí Erin Krebs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2009, kò ní ju ìbéèrè mẹ́ta lọ: báwo ni ìrora ti rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, báwo ló ṣe dí ìgbádùn ayé lọ́wọ́, báwo ló ṣe dí iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́. Kò ṣòro láti gbé e sí ẹ̀wù Yorùbá. Ṣé ẹ lè kúnlẹ̀ kírun tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ gbàdúrà? Ṣé ẹ lè pọn ọmọ-ọmọ yín? Ṣé ẹ jókòó títí wọ́n fi parí ìsìn? Bí oògùn bá ti wà lára fún oṣù mẹ́fà tí ìdáhùn sí gbogbo wọn ṣì jẹ́ rárá, oògùn náà kò ṣiṣẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn ò fẹ́ kó lọ.

Krebs yìí kan náà ló darí ìwádìí tí ìwé ìròyìn JAMA gbé jáde ní 2018. Àwọn 240 tí wọ́n ń gbàtọ́jú ní ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì lágbègbè Minneapolis ni wọ́n lò, gbogbo wọn ní ẹ̀yìn ríro tàbí ìbàdí tàbí orúnkún tó ti gbó. Apá kan gba apàrora líle, apá kejì gba oògùn lásán bíi paracetamol àti àwọn ẹgbẹ́ ibuprofen. Lẹ́yìn oṣù 12, ohun tí ara wọn lè ṣe kò yàtọ̀. Ìrora tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tí kò gba apàrora líle. Ìròyìn yìí wúlò fún ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò dáhùn ìbéèrè ẹni tó ti wà nídìí rẹ̀ fún ọdún 15, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìwé àdéhùn àti ìtọ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, aláìsàn á fọwọ́ sí ìwé kan: dókítà kan ni yóò máa kọ oògùn fún un, ilé ìtajà oògùn kan ni yóò máa ti rà á, kò ní fún ẹlòmíràn, bó bá sọ ọ́ nù wọn ò ní fún un ní òmíràn, wọ́n sì lè pè é nígbàkígbà pé kó wá tọ̀ sínú ike. Dókítà tún ń yẹ ìwé ìpínlẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí gbogbo apàrora líle tí aláìsàn ti gbà hàn sí. Àwọn kan ní ìwé yìí ń dáàbò bo ẹni méjèèjì. Bí mo ti rí i, ọ̀pọ̀ wọn ka ojúṣe aláìsàn lẹ́sẹẹsẹ, wọn ò sọ ohun tí dókítà jẹ aláìsàn.

Àyẹ̀wò ìtọ̀ pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ara máa ń sọ codeine di morphine, nítorí náà ẹni tó lo codeine tí dókítà fún un, morphine á hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tó rọrùn jù kì í sábà rí fentanyl rárá. Dókítà tí kò mọ èyí á pe olóòótọ́ ní òpùrọ́, á sì jẹ́ kí òpùrọ́ kọjá.

Dídín in kù

Àsìkò tó dára jù láti sọ̀rọ̀ nípa òpin ni kí wọ́n tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Àjọ MHRA tó ń mójú tó oògùn ní Britain sọ èyí kedere ní September 2020: kí dókítà bá aláìsàn ṣàlàyé bí ìtọ́jú yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe parí kó tó kọ ọ́. Ní April 2021, ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbẹ̀, lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: fún ìrora onígbà pípẹ́ tí wọn kò rí àrùn mìíràn tó fà á, kí wọ́n má fi apàrora líle bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwọn onímọ̀ ìrora nílẹ̀ náà ti ń sọ pé bí ìwọ̀n bá ti kọjá 120 mílígíráàmù morphine lójúmọ́, ewu ń pọ̀ sí i, àǹfààní ò sì pọ̀ mọ́ ọn.

Fún ẹni tó ti lò ó ju ọdún kan lọ, ìmọ̀ràn CDC ti 2022 ni pé dídín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kù lóṣù kan ló rọ ara lọ́rùn jù. Bó bá nira, wọ́n lè sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ohun tó sábà máa ń dẹ́rù ba aláìsàn ni pé ìrora á kọ́kọ́ le sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á sì rò pé bí yóò ṣe máa rí nìyẹn. Dókítà tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ara tó ń wá oògùn ló ń ké, pé yóò rọlẹ̀, á ní ẹni tó padà wá. Nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń ya aláìsàn lẹ́nu: apàrora líle tó pẹ́ lára lè sọ iṣan di ẹlẹ́gẹ́, kí ohun tí kò dun ènìyàn tẹ́lẹ̀ máa dùn ún. Ó ṣòro láti gbàgbọ́ pé ohun tó ń pa iná ló tún ń fẹ́ ẹ, ó sì gba sùúrù láti ṣàlàyé ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí dókítà ní.

Ta ni wọ́n ń gbà gbọ́?

Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Virginia bèèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti dókítà aláwọ̀ funfun 222 bóyá òótọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ kan nípa ara ènìyàn dúdú. Nǹkan bí ìdajì wọn gba ó kéré tán irọ́ kan gbọ́, irú bíi pé awọ ènìyàn dúdú nípọn ju ti funfun lọ. Àwọn tó gbà á gbọ́ sì ka ìrora aláwọ̀ dúdú sí kékeré.

Ẹni tó mọ ìyà yìí jù ni aláìsàn arómọléegun. Nàìjíríà ni ilé àrùn náà lágbàáyé, nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ọmọ Yorùbá sì ti gbé e dé London, Houston àti Bahia. Ìrora rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì tó ń dàpọ̀: èyí tó ń dé bí ìjì nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dí, àti èyí tó wà lára lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní in. Ìlànà NICE ti 2012 ní kí ẹni tí ìjì náà bá mú gba apàrora láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá dé ọsibítù. Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin Britain gbé jáde ní November 2021, tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ No One's Listening, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ni kì í rí i gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kó wọn sí wàhálà ni ìmọ̀ wọn. Ẹni tó ti ń gba abẹ́rẹ́ láti kékeré á mọ orúkọ oògùn tó ń ran òun, á mọ iye mílígíráàmù. Bí onítọ̀gbẹ bá mọ ìwọ̀n insulin rẹ̀, wọ́n á yìn ín. Bí aláìsàn arómọléegun bá dárúkọ morphine, nọ́ọ̀sì á wo dókítà lójú. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà CDC ti 2022 ti yọ ìrora arómọléegun kúrò lára ohun tó ń darí, pẹ̀lú ìrora jẹjẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìlànà náà dù wọ́n ní oògùn.

Ìfura yìí wà nílé náà. Pentazocine ni abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọsibítù ní Nàìjíríà ń lò fún arómọléegun fún ọdún pípẹ́, torí pé ó wọ́pọ̀ ju morphine lọ. Àwọn kan wà tó di àrùn fún lóòótọ́, tí ojú abẹ́rẹ́ di egbò àti iṣan líle lápá àti nítan. Àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ ń rántí nígbà tí ẹlòmíràn tí kò jẹ̀bi bá wọlé tó ń pariwo.

Ọ̀wọ́n àti àpọ̀jù

Nàìjíríà gbé ìṣòro méjì tó takora dání. Ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn Lancet ròyìn ní 2017 pé iye apàrora líle tó ń dé ọwọ́ aláìsàn níbẹ̀ kò ju ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ohun tí wọ́n nílò lọ. Lọ́wọ́ kejì, ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe lórí ọdún 2018 ka 4.6 mílíọ̀nù ènìyàn tó ń lo irú oògùn yìí láìsí àṣẹ dókítà, tramadol ni èyí tó pọ̀ jù. Ní May 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé. Nínú tramadol tí wọ́n ń tà níkọ̀kọ̀, hóró 225 mílígíráàmù wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ 50 tàbí 100 ni òfin gbà.

Nítorí náà, dókítà ní Ìbàdàn ní ìbéèrè kan tí ti Minneapolis lè má rántí bi: kí lẹ ti lò kí ẹ tó dé ibí? Ìdáhùn òótọ́ lè jẹ́ àgbo, tramadol láti ọwọ́ oníkẹ́míìsì ojú títì, àti oògùn oorun tí ẹ̀gbọ́n fún un. Tramadol lè fa gìrì, pàápàá bí ìwọ̀n bá pọ̀. Bó bá pàdé oògùn oorun, mímí lè rọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Aláìsàn ò ní sọ ọ́ bí ohùn tí wọ́n fi bèèrè bá jọ ti ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ morphine fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ mìíràn nílé. Ní ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ gidi láti fìdí ìtọ́jú ìrora àti ti àrùn tó le múlẹ̀, omi morphine tí wọ́n ń fi ẹnu mu wà lára irin iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ìdílé, bí dókítà bá ti dárúkọ rẹ̀, ó ń sọ pé ikú dé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n á bọ́ sí ìta bá dókítà, á ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá.” Bàbá náà á pe nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí wọ́n má sọ fún àwọn ọmọ òun.

Òru lójú ilé

Níbi tí naloxone bá wà, òun ni wọ́n fi ń kádìí ìjíròrò. Oògùn tó ń lé apàrora líle kúrò nínú ibùdó rẹ̀ ni, tó ń dá mímí padà. Ní March 2023, FDA fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni lè ra èyí tí wọ́n ń fín sí imú láìní ìwé dókítà. CDC ní kí dókítà máa fi lọ ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ dé 50 mílígíráàmù morphine lójúmọ́ àti ẹni tó ń lo oògùn oorun pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn á bínú: ṣé ọ̀daràn ni mo jẹ́ ni? Dókítà tó gbọ́n á ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn lè ṣèèṣì lò ó lẹ́ẹ̀mejì nínú òkùnkùn, pé ọmọdé lè rí i lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹni tí mímí ti ń lọ lẹ́nu rẹ̀ kò sì lè fín in sí imú ara rẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé ta lẹ jọ ń gbé. Wọ́n á pe ọkọ tàbí ọmọ tó ti ń dúró sí kọ̀rídọ̀ wọlé, wọ́n á fi ṣeré hàn án: ẹ pè é, ẹ mì í, ẹ pe ọkọ̀ ọsibítù, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fín in sí ihò imú kan, ẹ ka ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá mí, ẹ fín èkejì.